Ẹ̀bẹ̀ tí Mẹ́tírì Étienne Gbà

Ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ìwé yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó ń mú wa jáde ní òwúrọ̀ tó sì ń mú wa wọlé ní ìrọ̀lẹ́, tí kò jẹ́ kí ọ̀nà sọ wá di ẹni àná. Àwọn kan rẹ́rìn-ín nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n ìtàn ìtìjú ni. Ẹni tí ìtìjú kò bá tíì kan ilẹ̀kùn rẹ̀ rí, kó dúpẹ́, kó sì jókòó tì wá kó gbọ́.

Ní Bantè, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Mẹ́tírì Étienne. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe olùkọ́ ilé-ìwé kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìjọ Àgùdà fi í ṣe katikísì: òun ló ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi, òun náà ló sì ń ṣáájú àdúrà. Ẹni pẹ̀lẹ́ ni. Bó bá ń kọjá lọ, onígbàgbọ́ a kí i, mùsùlùmí a kí i, nítorí kò sí agbo ilé tí kò kọ́ ọmọ wọn rí.

Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀kọ́ kan wà tí kì í fi ṣeré rárá, ẹ̀kọ́ òfin ojú ọ̀nà. Lọ́dọọdún ni yóò mú ẹfun, tí yóò ya òbìrí ńlá kan sára pátákó, tí yóò sì fa ìlà méjì yí i ká. Èyí ni oríta róbótó tí àwa fi èdè Faransé ń pè ní rọ́ńpọẹ́ǹ. Yóò ní: “Ẹni tó bá fẹ́ yà sí ọ̀tún lójú ẹsẹ̀, ìlà ìta ni tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yí ká títí yóò fi bọ́ sí òsì, ìlà inú ni tirẹ̀. Ẹni tó bá wà nínú kò gbọdọ̀ ṣàdédé já síta lójú ẹlòmíràn.” Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò tíì rí rọ́ńpọẹ́ǹ kankan rí nígbà yẹn. Wọ́n á bi í pé, “Mẹ́tírì, ṣé ewúrẹ́ lè jẹ koríko tó wà láàárín rẹ̀?” Yóò bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde lọ ṣeré.

Alùpùpù ni Mẹ́tírì gùn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí Yolande ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, tó fi ọkọ̀ funfun kan ránṣẹ́ sí i. Ó lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó gba ìwé àṣẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ káàkiri Bantè àti Koko àti Bobè.

Ẹ̀yin tó mọ ọ̀nà wa mọ̀ pé bí iṣu bá ti jáde, alùpùpù ni àwọn àgbẹ̀ fi ń kó o. Wọ́n á di iṣu náà sẹ́yìn àti ẹ̀gbẹ́ títí a kò fi ní rí ẹni tó gùn ún mọ́. Ọlọ́kọ̀ tó bá ní ẹ̀kọ́ ilé kì í lé wọn sínú igbó. Yóò fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sílẹ̀ fún wọn, yóò sì gba àárín ọ̀nà. “Ẹlẹ́rù ló ni etí ọ̀nà,” bẹ́ẹ̀ ni a máa ń wí. Kò sí ẹni tó pa á mọ́ bíi Mẹ́tírì. Àwọn àgbẹ̀ Koko a máa gbé ọwọ́ sókè kí i bó bá ti ń bọ̀, inú rẹ̀ a sì dùn. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, àárín ọ̀nà di ibùgbé rẹ̀. Kò ronú sí i mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣe é.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹsàn-án, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ilé-ìwé wọlé, Mẹ́tírì àti Béatrice ìyàwó rẹ̀ ń lọ sí Savalou láti kí àbúrò Béatrice tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

“Ìyá Yolande, di ìgbànú ọkọ̀ yẹn mọ́ra.”

“Ó ń fún mi níkùn. Ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ fò jáde ni?”

“Òfin ni.”

“Òfin kò jẹ iyán tí mo jẹ láàárọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n mí.”

Mẹ́tírì rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ọkọ̀ rẹ̀ mọ́, ó sì ń kọ orin ìyìn kan wúyẹ́wúyẹ́ títí wọ́n fi wọ Savalou.

Nígbà tí wọ́n dé rọ́ńpọẹ́ǹ, ọ̀tún ni wọ́n fẹ́ yà sí, ní ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ gan-an. Ìlà ìta ni tirẹ̀. Bí ẹ bá jí i lójú oorun, yóò kà á fún yín láìṣì. Ṣùgbọ́n alùpùpù pọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn kan di iṣu, àwọn kan gbé èrò, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣe ohun tó máa ń ṣe ní ọ̀nà Koko. Ó fi etí ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlẹ́rù. Ó bọ́ sí ìlà inú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì àárín.

Béatrice ní, “Bàbá Yolande, ṣebí ọ̀tún là ń lọ?”

Ó ní, “Mo mọ ibi tí mò ń lọ.”

Ẹnu ọ̀nà náà sì ti dé. Dípò kó tún yí ká lẹ́ẹ̀kan sí i, ó yí ọkọ̀ sí ọ̀tún lójijì, ó gba iwájú gbogbo àwọn tó wà ní ìlà ìta kọjá.

Ìró tó dún kò pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí àwo bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn nínú yàrá kejì. Nígbà tí Mẹ́tírì fi máa sọ̀ kalẹ̀, alùpùpù kan ti wó sílẹ̀, obìnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú. Ìdì aṣọ kan ti tú sínú ẹrẹ̀, gbogbo rẹ̀ kákí, irú èyí tí a fi ń rán aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé.

Kafayath ni orúkọ obìnrin náà. Aránṣọ ni, ọmọ Bobè ni, ó fẹ́ Salifou tó ń jó irin ní Savalou. Ìlà ìta ló wà, níbi tó yẹ kó wà.

Àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé èrò ti pé lé wọn lórí. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ wọn.

“Obìnrin àti alùpùpù. Ibo ló ń sáré lọ?”

“Ó fẹ́ bá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ díje ni.”

“Ẹni tó bá ń gba ọ̀tún àgbà kọjá, ilẹ̀ ni yóò ti bá ara rẹ̀.”

Ọlọ́pàá kan tó dúró lẹ́bàá ibẹ̀ sáré débẹ̀. Bó ti rí Mẹ́tírì, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tẹ̀ ba. Ilyas ni, ọmọ Bantè, ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó níwájú pátákó Mẹ́tírì nígbà tó wà ní kékeré.

“Mẹ́tírì, ẹ̀yin rèé. Kò sí ibi tó ń dùn yín?”

“Kò sí, ọmọ mi.”

“Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ìlà ìta lẹ wà, àbí? Obìnrin yìí ló wá há ara rẹ̀ sáàárín yín àti etí títì.”

Mẹ́tírì mọ̀ pé ìbéèrè ni. Ó mọ ìdáhùn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó wo ojú Ilyas, ó rí ọmọdé tó ń wo pátákó. Ó wo àwọn èèyàn tó yí i ká. Ó gbọ́ tí ẹnìkan sọ fún èkejì pé, “Katikísì Bantè nìyẹn.” Kò fi ẹnu purọ́. Orí ló fi ṣe é. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni.

Kafayath ní, “Ọ̀gá, wọn kò sí ní ìta. Inú ni wọ́n ti já bọ̀.”

Ilyas yíjú sí i. “Ta lo ń wí? Mẹ́tírì yìí? Kí èmi tó fi ojú kan rọ́ńpọẹ́ǹ láyé mi, àwọn ló kọ́ mi bí a ṣe ń gbà á. Ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ wọn?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan tó ru agbọ̀n dúró níbẹ̀, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún Kafayath pé, “Ọmọ mi, àgbà ni. Ọmọdé kì í bá àgbà jàre ní gbangba. Bẹ̀ wọ́n, kó tán.”

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ẹ mọ àṣà wa. Ó dára, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ọrùn àgbà tí a ń bẹ̀ ni ẹrù rẹ̀ wà.

Kafayath wo Mẹ́tírì. Kò wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níbi tí aṣọ kákí rẹ̀ wà, ó ṣì di ọwọ́ tó ń wú náà mú.

“Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ dárí jì mí.”

Ẹnu Mẹ́tírì ti mọ ohun tí à ń wí nírú àkókò bẹ́ẹ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ àárín ọ̀nà.

Ó ní, “Ó ti tán, ọmọ mi. Ọlọ́run ti dárí jì ọ́.”

Àwọn èèyàn kan sáárá sí i. Ilyas ní òun yóò gbé alùpùpù náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá títí òun yóò fi kọ ìwé tán. Mẹ́tírì bẹ Kafayath pé kó jẹ́ kí òun gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

“Ẹ ṣeun, Bàbá,” ni Kafayath wí. “Ọkọ mi ń bọ̀.”

Nígbà tí wọ́n wọnú ọkọ̀, Béatrice fa ìgbànú náà, ó dì í mọ́ra. Wọ́n kí àbúrò rẹ̀, wọ́n gbé ọmọ jó, wọ́n gbé e sókè sí Ọlọ́run, wọ́n sì padà. Ìgbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Bantè ni Béatrice tó sọ̀rọ̀.

“Ẹ gbá a. Ẹ tún dárí jì í.”

Mẹ́tírì ń wo ọ̀nà.

Láti ọjọ́ yẹn, ó ń gbìyànjú láti gbèjà ara rẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Ó ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀. Ó ní nítorí àánú ẹlẹ́rù ni òun fi bọ́ sí ìlà inú. Òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlà inú ló ń gún un lọ́kàn. Ẹnikẹ́ni lè ṣi ọ̀nà. Obìnrin tó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ló ń rí, àti ẹnu òun tó ń fi orúkọ Ọlọ́run dárí ẹ̀ṣẹ̀ tí obìnrin náà kò dá jì í.

Ó rò pé kò sí ẹni tó mọ̀ ní Bantè. Ó gbàgbé pé Ilyas ní ẹnu, àti pé ohun tó dára lójú rẹ̀ ni yóò fi ẹnu náà sọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìsinmi, ìròyìn ti kárí ìlú. Àlùfáà gun orí pẹpẹ, ọ̀rọ̀ ìdáríjì ló bọ́ sí lọ́jọ́ náà. Ó ní kí wọ́n má wo ọ̀nà jíjìn. Ó ní láàárín wọn níbí, bàbá kan wà tí alùpùpù ya lu ọkọ̀ rẹ̀ ní Savalou, kò pariwo, kò bínú, ojú ẹsẹ̀ ló dárí ji ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìjọ yíjú. Àwọn tó wà lẹ́yìn nà lọ́rùn kí wọ́n lè rí i.

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àwọn baba wa ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sín tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n àyàfi ìwọ àti ìyàwó rẹ àti Ọlọ́run ńkọ́? Mẹ́tírì tẹjú mọ́ ilẹ̀. Àwọn tó rí i ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Béatrice wà láàárín àwọn akọrin. Nígbà tí wọ́n dá orin, ètè rẹ̀ kò mì.

Lẹ́yìn Mísà, àwọn èèyàn tò wá kí i. Ìyá kan láti Bobè, Ìyá Djamila, dì í lọ́wọ́ mú.

“Mẹ́tírì, ẹ kú ìfaradà. Ọmọ wa ni aránṣọ náà. Ẹ bá wa fi àdúrà rántí rẹ̀.”

“Báwo ni ọwọ́ rẹ̀?”

“Wọ́n ní egungun kò ṣẹ́. Ọwọ́ kọ́ ni wàhálà. Wọn kò tíì fún un ní alùpùpù rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sì ti sọ pé bí wọ́n bá tilẹ̀ fún un, kò gbọdọ̀ gùn ún mọ́, nítorí ẹni tó kọlu àgbà lónìí, kò sí ẹni tó mọ ohun tí yóò kọlù lọ́la. Alùpùpù yẹn ló fi ń yí gbogbo abúlé wa ká láti wọn àwọn ọmọ. Kákí ọmọ mi méjèèjì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dà bíi pé yóò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.”

Mẹ́tírì lọ sílé. Kò bọ́ aṣọ ìsinmi rẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìnkùlé títí oòrùn fi yí, nígbà tó sì dìde, ó sọ fún Béatrice pé, “Lọ́la mo máa lọ.”

Béatrice ní, “Ṣé kí n bá yín lọ?”

“Rárá. Nígbà tí mo mi orí, mi ò ké sí ọ kí o wá bá mi mì ín.”

Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ nílé. Ọlọ́kadà ló gbé e ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀dọ́kùnrin ẹlẹ́nu kan tó ń jẹ́ Tairou. Nígbà tí wọ́n dé rọ́ńpọẹ́ǹ, Tairou tọ́ka.

“Bàbá, ṣé ẹ rí ibí yìí? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan gbá bàbá kan níbẹ̀.”

“Ó gbá a?”

“Ó gbá a ṣubú. Àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ fún mi. Bàbá náà dìde, ó gbọn ara, ó ní òun ti dárí jì í. Èèyàn Ọlọ́run ni. Ká ní èmi ni, ìgbátí ni ì bá kọ́kọ́ jẹ.”

Mẹ́tírì ní kó sọ òun kalẹ̀ níbẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ rin ìyókù, ó ń béèrè ọ̀nà ilé Salifou.

Salifou wà ní ìsọ̀ rẹ̀ níwájú ilé, ó ń jó ilẹ̀kùn irin kan. Nígbà tí Mẹ́tírì sọ ẹni tí òun jẹ́ fún un, ó sọ irinṣẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ tún fi ẹsẹ̀ ara yín wá. Àwa ló yẹ ká wá. Ẹ má bínú, mo ní kí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ fúyẹ́ ni.” Ó ké sínú ilé. “Kafayath, Bàbá dé. Gbé omi wá.”

Kafayath jáde. Aṣọ funfun ni wọ́n fi di ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi gbé omi náà, ó sì tọrọ gáfárà fún un, nítorí a kì í fi ọwọ́ òsì gbé nǹkan fún àgbà. Gáfárà yìí tún wọ Mẹ́tírì lára ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ó ní, “Salifou, èmi ni mo jẹ̀bi. Ìyàwó rẹ kò ṣe ohunkóhun. Inú ni mo wà, mo sì já síta lójú rẹ̀.”

Salifou rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí bí ẹni tí ìwà rere wú lórí. “Bàbá, a gbọ́. Irú yín ṣọ̀wọ́n. Ẹ fẹ́ gbé ẹ̀bi náà kúrò lọ́rùn ọmọ yín. Ọlọ́run yóò san án fún yín.”

“Mi ò gbé e kúrò lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Tèmi ni.”

“Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ mu omi.”

Mẹ́tírì rí i pé òtítọ́ tí òun gbé wá ti di ọ̀ṣọ́ tuntun lọ́rùn òun. Bó bá jókòó níbẹ̀ títí di ọ̀sán, tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹlẹ́ṣẹ̀, ńṣe ni wọn yóò máa yìn ín. Ó gbójú sókè wo Kafayath. Kafayath nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ìkòkò lórí iná, tí kò tíì mọ̀ bóyá yóò hó.

Mẹ́tírì gbé omi sílẹ̀. “Ẹ dìde, kí ẹ̀yin méjèèjì bá mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nítorí Ọlọ́run, ẹ bá mi lọ.”

Ilyas wà lẹ́yìn tábìlì nígbà tí wọ́n wọlé. Ó fò dìde, ó fa àga fún Mẹ́tírì. Mẹ́tírì kò jókòó.

“Ìwé ọjọ́ yẹn, ṣé o ti kọ ọ́ tán?”

“Ó kù kí ọ̀gá mi fọwọ́ sí i. Mo ti ya àwòrán rẹ̀, Mẹ́tírì. Ẹ wò ó, ẹ ó rí i pé n kò gbàgbé ẹ̀kọ́ yín.”

Ó gbé ìwé náà jáde. Àwòrán náà dára. Òbìrí náà rí róbótó, ìlà méjèèjì hàn kedere, orúkọ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wà níbi tó yẹ. Ọkọ̀ Mẹ́tírì wà ní ìlà ìta, alùpùpù Kafayath sì há sáàárín rẹ̀ àti etí títì. Bí ọmọ kíláàsì bá yà á bẹ́ẹ̀, Mẹ́tírì ì bá fún un ní máàkì tó pé. Irọ́ sì ni láti òkè dé ilẹ̀, òun gan-an ló sì pa á.

Ó ní, “Fún mi ní bíìkì tí o fi kọ̀wé.”

Ilyas fún un. Mẹ́tírì fa ìlà gba inú ọkọ̀ tó wà níta kọjá, ó sì ya òmíràn sí ìlà inú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì. Láti ibẹ̀ ó fa ọfà kan tó dábùú ìlà ìta lọ sí ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́. Ó fi alùpùpù náà síbi tó wà gan-an, sí àárín ìlà tirẹ̀, ó sì ya àmì sí ibi tí wọ́n ti pàdé.

Ilyas tẹjú mọ́ ìwé náà.

“Mẹ́tírì, bí ẹ bá ti ya èyí…”

“Mo mọ ohun tí mo yà.”

“Èmi bi yín lọ́jọ́ náà. Mo bi yín.”

“O bi mí. Mo sì mi orí.”

Ilyas jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, láti ìgbà tó ti kúrò ní kíláàsì, tó jókòó níwájú Mẹ́tírì tí Mẹ́tírì wà lóòró. Ohun kan kúrò lójú rẹ̀, Mẹ́tírì sì rí i tó ń lọ, bí a ti ń rí àtùpà tí wọ́n gbé jáde kúrò nínú yàrá. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wà níbẹ̀. Nígbà tí Ilyas tún sọ̀rọ̀, ohùn ọlọ́pàá ló fi sọ ọ́.

“Màá tún ìwé yìí kọ. Orúkọ yín ni yóò wà níbi ẹ̀bi. Ẹ fún mi ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ yín. Ọ̀gá ni yóò sọ ìgbà tí ẹ máa rí i gbà.”

Mẹ́tírì yọ ọ́ nínú àpò, ó gbé e ka orí tábìlì.

Salifou ti bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “O mọ̀? O mọ̀, o sì bẹ̀ wọ́n?”

Kafayath ní, “Mo kọ́kọ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo tún sọ ọ́ fún ìwọ náà. O ní kí n má fi irọ́ kún un.”

Salifou wo ilẹ̀. Ìtìjú náà ti pín kárí yàrá náà, àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bù nínú rẹ̀.

Nígbà náà ni Mẹ́tírì yíjú sí Kafayath. Ó fi ọwọ́ gbá etí tábìlì mú nítorí orúnkún tó ń dùn ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Salifou fò sí i, ó fi ọwọ́ sábẹ́ apá rẹ̀. “Bàbá, rárá. Èèwọ̀ ni. Kí àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọdé, ẹ fẹ́ gbé wa ṣépè ni?” Ilyas náà ti dìde, ó na ọwọ́. Àní ọlọ́pàá kejì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí kò mọ ohun tó ń lọ, sáré wọlé láti gbé àgbàlagbà sókè.

Kafayath ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.”

Kò pariwo. Wọ́n wò ó.

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀,” ló tún wí. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Nígbà tí èmi ṣe tèmi, kò sí ẹni tó fi ọwọ́ sábẹ́ apá mi.”

Salifou fi apá náà sílẹ̀. Mẹ́tírì kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì àgọ́ ọlọ́pàá, pẹ̀lú irun funfun rẹ̀. Ilyas yíjú sí ojú fèrèsé.

“Ọmọ mi,” ni Mẹ́tírì wí, “mo gbá ọ. Mo sì jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní ẹlẹ́bi. Mo gba ẹ̀bẹ̀ tí kì í ṣe tèmi. Mo tún fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí sí i. Mo bẹ̀ ọ́.”

Ohun tí gbogbo wa máa ń sọ wà nítòsí, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn pé ó ti tán. Ó dájú pé Kafayath gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀, nítorí ó la ẹnu, ó sì tún pa á dé.

Níkẹyìn ó ní, “Mo gbọ́ yín, Bàbá. Ẹ dìde.”

Ìyẹn nìkan ló sọ. Kò sọ pé ó tán, Mẹ́tírì kò sì bi í. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó pẹ́ kó tó nàró. Ilyas gbé kọ́kọ́rọ́ alùpùpù jáde nínú àpótí, ó na án sí Salifou. Salifou kò gbà á. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìyàwó rẹ̀. Kafayath fi ọwọ́ òsì gba kọ́kọ́rọ́ náà, lọ́tẹ̀ yìí kò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó ku bí yóò ṣe sọ ọ́ lójú ìlú. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Mẹ́tírì bẹ àlùfáà kó jẹ́ kí òun dúró níwájú ìjọ, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi kan pa mọ́. Àwọn kan kò wá kí i mọ́ lẹ́yìn Mísà. Àwọn òbí kan kó ọmọ wọn kúrò nínú kíláàsì ìrìbọmi rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Béatrice ló jókòó tì í ní àga kan náà lọ́jọ́ náà. Kò lọ sáàárín àwọn akọrin. Nígbà tí wọ́n dá orin, ó kọ ọ́ láti ibẹ̀.

Ẹ̀yin olùfẹ́ mi, bí ẹ ti ń jáde lọ tí ẹ sì ń wọlé, kí Ọlọ́run tọ́ ìrìn yín. Bí ẹ bá ṣi ọ̀nà, kó fi sùúrù yí yín padà. Bí ẹ bá ṣẹ ẹni tó kéré sí yín, kó fún yín ní orúnkún tó lè tẹ̀, kó sì fún ẹni tí ẹ ṣẹ̀ ní ọkàn tó lè gbọ́. Kí ojú má tì yín níwájú Rẹ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn. Àmín.